Kù Ni Mo Kọ

Ẹ̀yin tí ẹ sunkún lọ́jọ́ tí Nọ́ọ̀sì kú nínú eré ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, èmi ni mo pa á. Mo ti sọ ọ́. Lọ́la ni dókítà fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún mi, mi ò sì fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wọnú oorun tí wọ́n máa fún mi.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa ṣí lẹ́tà tí àwọn òǹwòran ń kọ sí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn. Àǹtí Lẹ́tà ni wọ́n ń pè mí. Láti ẹnu ọ̀nà yàrá mi ni mo ti máa ń rí Nọ́ọ̀sì tó bá ń kọjá lọ ṣeré. Ipa tó ń kó la fi ń pè é. Gbólóhùn mẹ́ta péré ni wọ́n ń fún un lọ́sẹ̀: "Ẹ jókòó. Ẹ lanu. Dókítà ń bọ̀." Ṣùgbọ́n bó bá ti ní "Dókítà ń bọ̀," èmi tí ara mi le nígbà náà, ara á tù mí pẹ̀sẹ̀. Mo máa ń dijú, kí n máa rí i láàárín àwòrán, kó máa sọ̀rọ̀ lọ, kí gbogbo iná máa tẹ̀lé e.

Ìgbà tí mo gbọ́ pé wọ́n fẹ́ yọ àwọn kan kúrò nínú eré, mo ra bírò aláwọ̀ mẹ́rin. Mo fọwọ́ ọ̀tún kọ, mo fọwọ́ òsì kọ: ogójì lẹ́tà, ogójì orúkọ tí kò sí níbì kankan. Èmi oníjìbìtì! Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mi ò mọ àmì orí ọ̀rọ̀. Ohun tí mo kọ sínú gbogbo wọn ni: "E je ki Noosi ku sinu ere yii." Kó kù, kó má lọ.

Ẹni tó ń kọ eré náà kà wọ́n lójú mi, ó bú sẹ́rìn-ín. "Àǹtí Lẹ́tà, àwọn èèyàn yín mà le o! Ogójì wọn, ẹ jẹ́ kí Nọ́ọ̀sì kú! Àbí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ló dùn wọ́n? Ó dáa, wọ́n á rí òkú rẹ̀."

Bí mo bá ní kù ni, kì í ṣe kú, á bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ̀. Iṣẹ́ á bọ́. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Ojo lásán ni mí.

Èyí tó burú jù nìyí. Nọ́ọ̀sì wá bá mi, ó jókòó sórí àpò lẹ́tà, ó ń fi ìka pa ìwé tí mo fọwọ́ òsì kọ. "Ẹ̀gbọ́n, kí ni mo ṣe fún wọn? Mo rò pé ọdún yìí ni wọ́n máa fún mi ní ipa gidi."

Mo ní, "Àbúrò mi, má dá wọn lóhùn. Aráyé ò láàánú."

Aráyé wo? Ó tún dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ó kú nínú eré náà bí ẹni tó ń fetí sí orin láti yàrá kejì. Kò ṣeré mọ́ láti ọjọ́ náà. Ó ń ta awò ojú báyìí, mo ti dúró níta ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo gbọ́ tó ń sọ fún oníbàárà pé, "Ẹ jókòó."

Nọ́ọ̀sì, foríjì mí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ tíṣà ti kọ́ mi ní àmì, mo sì fi í sórí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀yin yòókù, tí ẹ bá máa bá mi bẹ Ọlọ́run lọ́la, ẹ ní kó jẹ́ kí n kù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé àmì rẹ̀.