Mo Purọ́ Fún Ìyá Ọkọ Mi Nípa Ààwẹ̀ Oṣù Iléyá

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ti wà nínú mi fún bí ọdún méjì, mi ò sì sọ ọ́ fún ẹnì kankan rí. Ọkọ mi ò mọ̀. Ìyá tó bí mi ò mọ̀. Mo ń sọ ọ́ báyìí torí pé irọ́ tí mo pa nígbà yẹn ti fẹ́ ṣe ẹlòmíì lọ́ṣẹ́, oṣù Iléyá sì ku ọjọ́ díẹ̀ kó lé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó bú mi.

Télọ̀ ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Kétu, ilé wa wà ní Ìkòsí. Ìyá ọkọ mi, Màámi la máa ń pè wọ́n, ń gbé lọ́dọ̀ wa. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni wọ́n. Àlùbọ́sà ni wọ́n tà ní Mile 12 láti ìgbà tí ọkọ mi ò tíì mọ̀ ọ́n rìn, títí orúnkún wọn fi kọ̀ láti gbé wọn lọ sọ́jà mọ́. Wọn ò le mọ́ mi. Wọn ò fìyà jẹ mí rí. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn, kí ẹ má baà rò pé ẹ̀san ni mo ń gbà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Mile 12 mọ̀ pé kò sí àkókò tí àlùbọ́sà máa ń yá bí ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Iléyá. Gbogbo ìlú ló fẹ́ se ọbẹ̀. Àwọn ààfáà máa ń sọ pé kò sí ọjọ́ tí Ọlọ́hun fẹ́ràn iṣẹ́ rere nínú ẹ̀ tó ọjọ́ mẹ́wàá àkọ́kọ́ oṣù yẹn. Ìdí ìsọ̀ ni Màámi ti máa ń lò ó lọ́dọọdún. Wọn ò ríbi gbààwẹ̀, wọn ò ríbi jókòó ṣàdúrà. Wọ́n máa ń sọ fún mi pé, “Ìyàwó mi, ọjọ́ mẹ́wàá yìí máa ń kọjá níwájú mi bí ọkọ̀ tí kò dúró. Lọ́jọ́ tí mo bá fi ọjà sílẹ̀, màá gbá a mú.”

Ọdún tí mò ń sọ yìí ni ọdún àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ọjà sílẹ̀.

Ẹ wò ó, Màámi múra sílẹ̀ bí ẹni tó ń lọ sí Mẹ́kà. Wọ́n ní kí Màríámù ọmọ mi bá wọn máa fi báírò sàmì sí kàlẹ́ńdà. Wọ́n ní kí n rán híjáàbù funfun méjì fún wọn. Obìnrin kan wà tí wọ́n ti bá jà nítorí àyè ìsọ̀, wọn ò sì kí ara wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n ní kí n bá wọn pè é lórí fóònù, wọ́n sì bẹ̀ ẹ́ títí obìnrin yẹn fi bú sẹ́kún. Wọ́n ní ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán làwọn máa gbà, pé tó bá di ọjọ́ Àráfà tí Iléyá ku ọ̀la, láti ìgbà tí àwọn bá ti kírun àìlà títí di mògàríbà, kí ẹnikẹ́ni má bá àwọn sọ̀rọ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Màámi ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọkọ mi ní kí n mú wọn lọ rí dókítà ná, pé ohun tí dókítà bá sọ la máa ṣe.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí lára mi nígbà yẹn, kì í ṣe pé mo fẹ́ dá ara mi láre. Àkókò Iléyá ni àkókò tí àwọn kọ́sítọ́mà máa ń da aṣọ bo télọ̀ mọ́lẹ̀. Aṣọ kún ṣọ́ọ̀bù, ó kún pálọ̀. Mo ti gbé máṣínì kan wálé kí n lè máa rán an lọ. Màámi kì í jẹ oúnjẹ àná. Tí wọ́n bá gbààwẹ̀, èmi ni màá dìde se sààrì fún wọn lójoojúmọ́, èmi náà ni màá fi aṣọ sílẹ̀ nírọ̀lẹ́ kí n po ẹ̀kọ gbígbóná, kí n dín àkàrà. Mo ro ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn, ó rẹ̀ mí kó tó bẹ̀rẹ̀. Mo wá ń sọ fún ara mi pé náfílà ṣáà ni, kì í ṣe ọ̀ranyàn.

Dókítà tó rí wa lọ́jọ́ náà kéré lọ́jọ́ orí, obìnrin ni, kò sì gbọ́ Yorùbá. Màámi ò gbọ́ Òyìnbó. Èmi ni mò ń túmọ̀. Ó wọn ẹ̀jẹ̀ wọn, ó wò ó lẹ́ẹ̀mejì, inú ẹ̀ dùn. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ti wálẹ̀ dáadáa. Ó ní Màámi lè gbààwẹ̀ o, kí wọ́n lo oògùn àárọ̀ nígbà sààrì, kí wọ́n lo ti ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n bá ṣínu, kí wọ́n mu omi dáadáa. Ó ní tí òòyì bá ń kọ́ wọn, kí wọ́n jáwọ́. Ó wá bojú wo Màámi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Màámi fọwọ́ kàn mí. “Kí ló sọ?”

Mo ní, “Màámi, ó ní ẹ ò gbọ́dọ̀ gbààwẹ̀ rárá. Ó ní ó lè gbé yín dè.”

Wọ́n tún wo ojú dókítà. “Ó ń sọ ìyẹn, ó sì ń rẹ́rìn-ín?”

“Ó ń pẹ̀tù sí yín nínú ni, Ma.”

Wọn ò bá mi jiyàn. Wọ́n ní kí n bá àwọn dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ lédè Òyìnbó. A dìde.

Nígbà tí ọkọ mi dé, mo sọ ohun kan náà fún un. Ó ní, “Ṣé ẹ rí i, Màámi? Tí ìyàwó yín ò bá mú yín lọ ńkọ́?” Màámi ní, “Òótọ́ ni. Ọlọ́hun ò ní ká para wa.” Wọ́n ká àwọn híjáàbù funfun yẹn, wọ́n tò wọ́n sínú àpótí.

Oṣù lé. Èmi rán aṣọ mi. Ọ̀sánọ̀sán ni mò ń gbé oúnjẹ fún Màámi, wọ́n á jẹ ìwọ̀nba tí wọ́n fi lè lo oògùn, wọ́n á sì bo ìyókù. Ìyá kan tí a jọ ń gbé ilé kan náà, tó ń gbààwẹ̀, wọlé wá kí wọn lọ́jọ́ kan, ó bá wọn nídìí oúnjẹ. Màámi fi ọwọ́ bo àwo náà bí ọmọ kékeré. Mo rí i. Mo wà nídìí máṣínì, mo sì rí i.

Lọ́jọ́ karùn-ún, mo fẹ́ sọ ọ́. Mo tiẹ̀ pè wọ́n. Wọ́n ní, “Kí ló dé, ìyàwó mi?” Mo wá rò ó pé tí mo bá ní dókítà ti gbà, wọ́n á bi mí pé ìgbà wo ló gbà. Mo ní mo fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n fẹ́ omi ni.

Ọjọ́ Àráfà, lẹ́yìn ìrun àìlà, wọ́n jókòó sórí ẹní nínú yàrá, wọ́n kọjú sí gábàsì, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Wọ́n ti jẹun ọ̀sán, wọ́n ti lo oògùn. Ilẹ̀kùn ò tì dáadáa, mò ń gbọ́ wọn láti pálọ̀. Wọ́n ń sọ pé, “Ọlọ́hun, O mọ̀ pé mo fẹ́. Ìwọ náà rí i pé mo fẹ́.” Wọ́n sọ ọ́ tó ìgbà tí mi ò lè kà. Wọ́n dárúkọ àwọn ọmọ wọn, àwọn tí wọ́n jọ tajà, àwọn tó ti kú. Nígbà tó kàn mí, wọ́n ní, “Ọlọ́hun, ìyàwó mi tó dá ẹ̀mí mi sí yìí, má jẹ́ kó rí ìtìjú.”

Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣínì. Lẹ́yìn náà ni kọ́sítọ́mà kan kan ilẹ̀kùn, ó ní òun wá gba bùbá òun, mo sì dìde dá a lóhùn.

Màámi ò rí Iléyá míì. Oṣù díẹ̀ ṣáájú Ramadan, wọ́n kírun àlàásárì tán, wọ́n ní àwọn fẹ́ na ẹ̀yìn. Wọn ò jí. A sin wọ́n sí Ìsẹ́yìn. Nígbà fídáù, ààfáà dárúkọ mi láàárín àwùjọ, ó ní kí àwọn ìyàwó ilé wá wo àpẹẹrẹ. Àwọn èèyàn ń na ọwọ́ sí mi. Mo tẹ orí ba, wọ́n rò pé ìtẹríba ni.

Ǹ bá tún ti dákẹ́ títí. Ṣùgbọ́n ní bí ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, Aunty Rísíkà, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin tó ń gbé ní Ifákọ̀, wá sílé wa. Àwọn náà ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọ́n ní lọ́dún yìí àwọn máa gbé ìsọ̀ lé ọmọ àwọn lọ́wọ́, kí àwọn lè gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́sàn-án tí Màámi ò rí gbà. Ọkọ mi bá figbe ta. “Aunty, ẹ ti gbàgbé ohun tí dókítà sọ fún Màámi? Àìsàn kan náà ni! Mi ò ní gbà fún yín láé.”

Aunty Rísíkà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. “Ṣé bí èmi náà ṣe máa kú nìyẹn, láìgba Àráfà kan?”

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ibi tí irọ́ mi rìn dé. Mi ò lè dákẹ́, mi ò sì lè sọ̀rọ̀. Mo kàn ní, “Aunty, ẹ jẹ́ ká lọ, kí ẹ bi dókítà fúnra yín.”

A jọ lọ. Bàbá àgbàlagbà kan ni dókítà yìí, Yorùbá ló bá wọn sọ. Ó yẹ̀ wọ́n wò, ó tún àkókò oògùn wọn tò, ó ní kí wọ́n gba ààwẹ̀ wọn, kí wọ́n ṣáà máa ṣọ́ra wọn. Aunty ní, “Dókítà, wọ́n ní kí màmá mi má gbà á rárá, bẹ́ẹ̀ àìsàn kan náà ló ń ṣe wá.” Bàbá yẹn ní, “Mi ò sí níbẹ̀, Ma. Ẹni tó bá wọn wọlé ló lè sọ ohun tí dókítà wọn sọ.”

A rìn dé ibi tí Aunty ti máa wọkọ̀. Wọ́n wá kọjú sí mi.

“Ìwọ lo bá Màámi wọlé lọ́jọ́ náà, àbí?”

“Èmi ni, Ma.”

“Kí ni dókítà yẹn sọ gan-an?”

Mo ní, “Aunty, ó ti pẹ́.”

Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, “Ó dáa,” wọ́n sì wọkọ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà, wọn ò pè mí mọ́. Wọ́n pe ọkọ mi, wọ́n ní dókítà ti fún àwọn láyè. Inú ẹ̀ dùn. Wọn ò sọ nǹkan míì fún un.

Mo ti bi ààfáà kan lórí fóònù, mi ò sọ pé èmi ni. Ó ní tí èèyàn bá ṣẹ ẹni tó ti kú, kó tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́hun, kó máa ṣàdúrà fún olóògbé, kó máa ṣe sàárà fún un, kó sì bẹ àwọn ọmọ ẹ̀. Ọmọ Màámi kan ni ọkọ mi. Ọmọ kejì ni ẹni tó wo ojú mi tó wọkọ̀ lọ.

Ṣé kí n sọ fún ọkọ mi kí oṣù tó lé, àbí kí n jẹ́ kí Iléyá kọjá? Ṣé ọ̀dọ̀ Aunty Rísíkà ni kí n kọ́kọ́ lọ? Ẹ̀yin tí irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Mo gbà pé mo jẹ̀bi. Mo lè kúnlẹ̀ fún ọkọ mi, mo lè dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Aunty. Ti Màámi gan-an ni mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣe. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ ẹni tí kò mọ̀ pé wọ́n ṣẹ òun, tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi títí ó fi kú.