Àmín Tí Mo Kọ̀ Láti Ṣe

Ẹ̀wọ̀n gbére ni wọ́n dá fún mi. Adájọ́ ní títí ẹ̀mí yóò fi bọ́ lára mi, mi ò gbọdọ̀ tẹ ilẹ̀ òde mọ́, kò sì sí pé mo hùwà dáadáa kí wọ́n dín in kù. Ní Maryland níbí, ní Amẹ́ríkà, wọn kì í yẹgi fún èèyàn mọ́. Wọ́n á fi ẹ́ sílẹ̀ kí o máa wo ara ẹ. Ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni mí, ọmọ Ìbàdàn, mekáníìkì, díákónì ìjọ. Mo pa ìyàwó ọ̀rẹ́ mi. Bùkọ́lá lorúkọ rẹ̀, nọ́ọ̀sì ni, kò sì ṣẹ̀ mí rí.

Àwọn tí a jọ wà níbí máa ń bi mí bóyá nítorí obìnrin ni, àbí nítorí ọtí. Mo máa ń sọ fún wọn pé ìlara ni. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní bàbá yìí ń pa irọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka èyí, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí Délé dé láti Ìbàdàn, ọ̀dọ̀ mi ní Laurel ló balẹ̀ sí. Yàrá méjì ni èmi àti ìyàwó mi, Ìyá Fẹ́mi, ń háyà, a sì fún un ní ọ̀kan. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀ nínú yìnyín. Èmi ni mo mú un lọ sí ìjọ wa ní Oxon Hill. Lẹ́yìn ọdún kan, Bùkọ́lá ìyàwó rẹ̀ dé, ó sì ríṣẹ́ sí ọsibítù kan. Wákàtí méjìlá ló fi ń dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, síbẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi, òun ló ń yà lọ́dọ̀ mi láràárọ̀ kó tó lọ sùn, kó lè bá mi wẹ ojú ọgbẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ní kẹ́ ẹ má fọwọ́ kàn án," á sọ bẹ́ẹ̀, á máa rẹ́rìn-ín. "Ẹ ya olórí kunkun jù!"

Ẹni tí mo pa nìyẹn.

Délé dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀, ó ń rán àwọn olùtọ́jú lọ bá àwọn arúgbó nílé wọn. Iṣẹ́ náà búrẹ́kẹ́. Kò pẹ́, ó ra ilé tuntun ní Brandywine, ilé tí èèyàn lè gbá bọ́ọ̀lù nínú ọgbà rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà yẹn, ohun kan ṣoṣo ni pásítọ̀ wa ń wàásù. Ó ní, "Ẹni tí Ọlọ́run bá fẹ́ràn, ẹ ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè. Ẹ máa rí i lára aṣọ rẹ̀, ẹ máa rí i lára ilé rẹ̀!" Mo gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ tọkàntọkàn. Bóyá mo gbà á gbọ́ ju pásítọ̀ fúnra rẹ̀ lọ.

Ní Sọ́ńdè kan, Délé jáde láti jẹ́rìí. "Ẹ bá mi yin Olúwa! Èmi tí mo sùn nínú yàrá olóore, mo ti di onílé!" Ìjọ hó yèè. Pásítọ̀ gbé ọwọ́ lé e lórí. "Ilé yìí ò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ!"

Gbogbo èèyàn ní, "Àmín!" Èmi pa ẹnu mi dé.

Ìyá Fẹ́mi yíjú sí mi. "Bàbá Fẹ́mi, ẹ ò ṣe àmín?"

"Ọ̀nà ọ̀fun ń dùn mí."

Nǹkan kékeré ni, àbí? Ta ni yóò mú èèyàn nítorí àmín? Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ń ta mí nínú bí ata. Kì í ṣe ilé náà gan-an ni mò ń jowú. Èmi tí mo ti ń to àga ìjọ fún ọdún mọ́kànlá, tí mo ń tún bọ́ọ̀sì ìjọ ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, yàrá méjì náà ni mo ṣì wà. Tó bá jẹ́ pé lára ilé la ti ń mọ ẹni tí Ọlọ́run fẹ́ràn, a jẹ́ pé Ọlọ́run ò fẹ́ràn mi nìyẹn. Délé ló fẹ́ràn. Délé tó dé lánàá òde yìí! Bí ọmọ tí bàbá rẹ̀ ń fún àbúrò rẹ̀ lẹ́ran, tí wọ́n ń fún òun ní omi ọbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí lára mi.

Wọ́n gbé Délé lọ síwájú, sórí àga onítìmùtìmù lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn alàgbà. Èmi ni mo gbé àga náà síbẹ̀ fún un.

Láti ìgbà náà, tí wọ́n bá ti ní ká gbàdúrà lórí àwọn tó jókòó lé ògo wa, ojú Délé ni mo máa ń rí. Màá máa fi ẹsẹ̀ janlẹ̀, màá ní kó já bọ́, kó já bọ́. Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Èmi ni aṣeni náà, mò ń wá a kiri. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fáwọn èèyàn pé owó Délé ò mọ́. Ìyá Fẹ́mi gbọ́, ó sì kò mí lójú.

"Kí ló ṣe fún yín gan-an?"

"Kò ṣe nǹkan kan fún mi."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ̀ ń bà á lórúkọ jẹ́?"

"Ṣé wọ́n ní kí o máa gbèjà ẹ̀ ni? Fi mí sílẹ̀, jàre!"

Ó fi mí sílẹ̀ lóòótọ́. Ì bá má fi mí sílẹ̀.

Ní Sátidé kan, Délé gbé jíìpù funfun kan wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Laurel. Ọkọ̀ náà ń dán, àwòjíìjí ni. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n máa gbàdúrà sí i ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́la. Ẹ bá mi yẹ abẹ́ ẹ̀ wò. Mi ò fọkàn tán àwọn tó ń ta mọ́tò."

"Ṣé kò sí mekáníìkì ní Brandywine ni?"

"Háà, Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ ń bínú? Ta ni mo tún ní?"

Ó jókòó síta, ó ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo tú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti wo búrèkì. Mo dá mẹ́ta padà bó ṣe yẹ. Ti iwájú lápá òsì, mo fi àwọn nọ́ọ̀tì tó ń di táyà mú sí i, ṣùgbọ́n mi ò fún wọn le. Lọ́ọ́yà mi sọ ní kóòtù pé mo gbàgbé ni. Irọ́ ni. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí. Mo mọ ohun tí irú táyà bẹ́ẹ̀ máa ṣe tọ́kọ̀ bá ń sáré. Ẹ jẹ́ n kọ ọ́ síbí kí n má bàa tún ríbi sá sí: mo fẹ́ kí Délé kú.

Kò kú. Torí pé ọkọ̀ tuntun ni, ó ń rìn jẹ́jẹ́, ojú ọ̀nà kéékèèké ló ń gbà. Láàárọ̀ Sọ́ńdè, mo rí i tó wọ ọgbà ìjọ wẹ́rẹ́. Ẹlòmíì á ní Ọlọ́run ló fún òun láàyè kí òun ronú. Èmi ńkọ́? Inú ló tún bí mi. Mo ní, ẹ wò ó, Ọlọ́run fẹ́ràn ọkùnrin yìí débi pé táyà tí ò fún gan-an ń gbọ́ tiẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìn, gbogbo wa yí ọkọ̀ náà ká. Pásítọ̀ ní, "Díákónì, ẹ̀yin lẹ mọ̀ nípa mọ́tò. Ẹ bá wa gbàdúrà sí i."

Mo gbé ọwọ́ lé e. "Olúwa, ọkọ̀ yìí ò ní mu ẹ̀jẹ̀."

"Àmín!"

"Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ á lọ ire, á bọ̀ ire."

"Àmín!" Ohùn Délé ló ròkè jù.

Ló bá na kọ́kọ́rọ́ sí ìyàwó rẹ̀. "Bùkọ́lá, máa bọ̀. Ìwọ ni mo rà á fún." Bùkọ́lá pariwo, ó kúnlẹ̀ sórí kọ̀ǹkéré, ó bú sẹ́kún. Àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́. Gbólóhùn kan péré ló yẹ kí n sọ: ẹ dúró, mo fẹ́ tún táyà kan wò. Ẹnikẹ́ni ò ní bi mí ní nǹkan kan. Àmọ́ ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé, ó tún rí ọkọ̀ rà fún ìyàwó, nígbà tí tèmi ń fi bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́. Mo yíjú padà, mo lọ ń to àga.

Wọ́n ti pe Bùkọ́lá síbi iṣẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Mo gbóhùn rẹ̀: "Ìyá Fẹ́mi, ẹ wọlé! Ẹ jẹ́ ká fi mọ́tò tuntun ṣe fàájì, màá já yín sí Laurel." Ìyàwó mi ti gbé ẹsẹ̀ kan sínú ọkọ̀. Mo ju àga sílẹ̀, mo sáré, mo fà á lápá tagbáratagbára.

"Má wọ̀ ọ́!"

"Kí ló dé?"

"Mo ní má wọ̀ ọ́. A jọ ń lọ ni."

Bùkọ́lá rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ ń jowú ìyàwó yín ni? Ó dáa, ẹ máa gbé e." Ó juwọ́ sí wa, ó lọ.

Orí Beltway, ọ̀nà márosẹ̀ tí ọkọ̀ ti ń sáré, ni táyà náà ti yọ. Kí àwọn olùtọ́jú pàjáwìrì tó dé, Bùkọ́lá ti kú.

Àwọn ọlọ́pàá wá sí ṣọ́ọ̀bù, mo ní kí wọ́n lọ bi àwọn tó ta ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi kò sùn, kò jẹun. Lọ́jọ́ kẹta, ó dúró níwájú mi. "Kí ló dé tẹ́ ẹ fi fà mí lápá?"

"Ẹ̀mí Mímọ́ ló sọ fún mi pé kí o má wọ̀ ọ́."

"Ẹ̀mí sọ tèmi fún yín, kò sọ ti Bùkọ́lá?"

Ó wojú mi títí. Láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí mo ti fẹ́ ẹ, kò fi "o" bá mi sọ̀rọ̀ rí. Ọjọ́ yẹn ló ní, "Kí lo ṣe? Mo ní kí lo ṣe fún ọmọ ọlọ́mọ?" Ó mú báàgì rẹ̀, ó lọ bá àwọn ọlọ́pàá. Òun náà ló jẹ́rìí ní kóòtù, kò sì gbé ojú sókè wò mí. Mi ò bínú sí i.

Délé wá wò mí lóṣù tó kọjá. Ó ti rù kan egungun. Ó jókòó síwájú mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ká ní ẹ sọ pé kí n fún yín ní ilé yẹn, màá fún yín. Ẹ mọ̀ pé màá fún yín."

Mo ní mo mọ̀.

"Mo ti dárí jì yín. Ó nira fún mi, ṣùgbọ́n mo ti dárí jì yín."

Ó yẹ kí n dọ̀bálẹ̀. Ẹkún ló yẹ kí n sun. Ṣé ẹ fẹ́ mọ ohun tó wá sí mi lọ́kàn? Mo jowú rẹ̀. Mo ní, Ọlọ́run tún fún un ní ọkàn tó lè dárí jini, kò fún èmi. Bàbá arúgbó bíi tèmi, lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo ti ṣe! Mo sọ ọ́ fún un lójúkojú, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Mo ní, "Délé, mò ń jowú rẹ. Ó pẹ́ tí mo ti ń jowú rẹ." Ó kàn mi orí. Ìtìjú bò mí díẹ̀, ó sì tán. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ilé àti mọ́tò díwọ̀n ìfẹ́ Ọlọ́run fún yín, ì báà jẹ́ orí pẹpẹ ló ti ń sọ̀rọ̀. Bí ohun rere bá sì dé bá ọ̀rẹ́ yín, tí inú yín ò dùn, ẹ má fi àdúrà bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ lọ bá a, kẹ́ ẹ sọ fún un, kójú tì yín. Ká ní mo sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ Sátidé yẹn, Délé ì bá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, à bá sì jọ fún táyà náà le. Bùkọ́lá ì bá lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀, ì bá sì padà wálé.