Kóòdù Mẹ́ta Lórí Sáfà Kan

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé wa láti Co-op City lọ sí Manhattan, ọkùnrin kan níwájú mi ń rojọ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin.

"Àǹtí, orí sáfà kan, kọ̀ǹpútà tó ń gbé wẹ́ẹ̀bù síta, ni mo kó kóòdù wẹ́ẹ̀bù mẹ́ta sí, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ripo tiẹ̀, ibi tí mo ń tọ́jú ẹ̀ sí: tèmi, ti ibi iṣẹ́, ti ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀gá mi wá ṣi àdírẹ́sì wẹ́ẹ̀bù ibi iṣẹ́ tẹ̀, ló bá já sínú tèmi."

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Áàpù tí mo fẹ́ fi gba àwọn kọ́sítọ́mà ẹ̀."

"Kí ló gbé e débẹ̀?"

"Èyí tí mo bá kọ́kọ́ tò ni sáfà máa ń ṣí fún ẹni tó bá ṣìnà, tèmi ló sì wà níwájú."



"Gbé ti ṣọ́ọ̀ṣì síwájú. Ẹni tó bá ṣìnà, kó bá ara ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì."