Epo Tí Màmá Yín Fi Rán Mi

Ẹ gbé ṣokoléètì yín kúrò lórí tábìlì bàbá mi, Bọ̀dá Kọ́ládé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e kúrò kí n tó sọ ọ́ sí gọ́tà, àbí kí lẹ pè mí, ọmọ ọdún mẹ́fà tí wọ́n ń fi nǹkan dídùn tàn? Odidi ọdún méjì, ẹ ò pè, ẹ ò kọ̀wé, ẹ ò ránṣẹ́, ìgbà tí ìdúpẹ́ yín ní ṣọ́ọ̀ṣì ku ọ̀túnla lẹ wá rántí pé Ọlábùnmí ń gbé ní Close yìí ní Festac, ẹ wá gba ẹ̀yìnkùlé wọlé bí ẹni tó fẹ́ jí adìyẹ, ẹ ní Bùnmí, báwo ni. Báwo ni kí ló jẹ́?

Ẹ ní kí n fọwọ́ wọ́nú. Ó dáa. Inú yìí náà ni mo ti ń fọwọ́ wọ́ láti ọdún 2004, ó ti bó.

Ta ló sọ ara rẹ̀ di máníjà? Ṣé èmi ni? Ẹ̀yin lẹ pe màmá yín lórí fóònù pé ẹ ti di máníjà ní pápákọ̀ òfuurufú ìlú òyìnbó, màmá yín sì gbé e kiri gbogbo ojúlé, wọ́n jẹ́rìí ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, a pàtẹ́wọ́ títí. Nígbà tí ẹ wá gbọ́ pé mo rí yunifásítì wọ̀ lọ́hùn-ún, pé bàbá mi tí ìjọba àpapọ̀ ti fẹ̀yìn wọn tì ta ilẹ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n ní ní Abúlé Adó kí n lè lọ, ta ló ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀? Ta ló ní ilé òun ni kí n kọ sínú fọ́ọ̀mù pé mo máa dé sí, pé òun fúnra òun á wá pàdé mi? Ẹ̀yin kọ́ ni?

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo ń lọ, tí mo ti di báàgì mi tán, ni màmá yín gbé ẹrù yín dé. Ẹja gbígbẹ, ìrú, ata gígún, àti epo pupa nínú kẹ́ẹ̀gì kékeré tí wọ́n fi ọ̀rá dì nígbà mẹ́ta. Bàbá mi ní, Màmá Kọ́ládé, wọn ò ní jẹ́ kó wọlé o. Wọ́n ní ṣé ibi tí ọmọ àwọn ti ń ṣe máníjà ni wọn ò ti ní jẹ́ kó wọlé? Wọ́n mú máàkà dúdú, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára rẹ̀: KỌ́LÁDÉ FÁṢÍNÀ, MÁNÍJÀ. Ẹ̀yin náà ṣáà mọ̀ pé ẹni tó ń rìnrìn àjò ní àdúgbò yìí ò gbọdọ̀ kọ ẹrù ìyá ẹlòmíì, wọ́n á ní ìgbéraga ti wọ̀ ọ́ kó tó wọ ọkọ̀. Mo gbé e. Ẹ jẹ́ kí n jẹ̀bi ìyẹn.

Ìgbà tí báàgì mi jáde lọ́hùn-ún, epo ti ń kán lára ẹ̀. Òṣìṣẹ́ aṣọ́bodè kan, obìnrin, ní kí n tẹ̀lé òun wọ yàrá kan, ó ní kí n ṣí i. Bí mo ṣe ń gbé kẹ́ẹ̀gì jáde ló bẹ́, epo dà sí ilẹ̀ funfun wọn bí ìgbà tí wọ́n pa ewúrẹ́ síbẹ̀. Ìrú ń rùn. Ó di imú, ó ní ta ló ni èyí? Mo tọ́ka sí ohun tí màmá yín kọ, mo ní Kọ́ládé Fáṣínà ni, máníjà yín níbí. Ó lọ wo ìwé, ó padà dé, ó ní àwọn ò ní máníjà tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó wá ránṣẹ́ pe agbálẹ̀ kó wá nu epo.

Ẹ̀yin lẹ gbé mọ́pù wọlé.

Ẹ fi fìlà bojú, ṣùgbọ́n ṣé mi ò mọ ẹ̀yìn ọrùn yín ni, èmi tí mo fi ọdún mẹ́wàá jókòó sẹ́yìn yín ní ṣọ́ọ̀ṣì? Inú mi dùn. Kí Ọlọ́run ṣẹlẹ́rìí, inú mi dùn, mi ò tiẹ̀ ro ti mọ́pù, mo kàn ń ké Bọ̀dá Kọ́ládé, Bọ̀dá Kọ́ládé, ẹ ṣé o tí ẹ wá. Káàdì tó wà láyà yín ní Clement. Obìnrin yẹn ní, Clement, ṣé o mọ ọmọbìnrin yìí? Ẹ wojú mi o. Ẹ ò lè sọ níwájú ẹnikẹ́ni pé ẹ ò wojú mi. Ẹ ní ẹ ò mọ̀ mí rí láyé yín, ẹ wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ ń nu epo ìyá yín.

Mo bẹ obìnrin náà pé kó pe nọ́ńbà yín tó wà nínú fọ́ọ̀mù mi. Ó tẹ̀ ẹ́. Mo rí yín tí ẹ tọwọ́ bọ àpò. Mo gbọ́ tí fóònù ń gbọ̀n níbẹ̀, nígbà tó fi máa tún un tẹ̀, ẹ ti pa á. Kí ni kó wá ṣe? Ilé tí mo ní mò ń lọ, ẹni tó ni ín ò gbé fóònù. Máníjà tí mo pè, kò sí. Agbálẹ̀ tí mo ń pè ní ẹ̀gbọ́n mi ní òun ò mọ̀ mí. Ọjọ́ kejì ni wọ́n dá mi padà.

Kí lẹ wí? Ẹ sọ ọ́ sókè. Ìwé ẹlòmíì lẹ fi ń ṣiṣẹ́ nígbà yẹn, bí ẹ bá jẹ́ Kọ́ládé wọ́n á lé yín. Mo mọ̀. Mo ti rò ó já kí n tó balẹ̀ sí Ìkẹjà. Ká ní ibẹ̀ lẹ dúró sí ni, ǹ bá ti gbàgbé, ẹ̀rù lè ba èèyàn. Ṣùgbọ́n ta ló pe màmá yín pé òun gbé mọ́tò òun wá dúró dè mí títí ilẹ̀ fi ṣú, pé àfàìmọ̀ kó má jẹ́ oògùn olóró ni mo gbé? Fóònù tẹ́ ẹ pa mọ́ mi lórí yẹn náà lẹ fi pè wọ́n?

Ẹ mọ ohun tí ẹnu màmá yín lè ṣe ní Festac. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí mo ti di agbóògùn. Wọ́n yọ mí kúrò nínú akọrin. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gbààwẹ̀ ẹ̀ṣẹ̀ tí mi ò dá, màmá yín sì gbọ́wọ́ lé mi lórí, wọ́n ń ké kí ẹ̀mí irọ́ fi mí sílẹ̀, nítorí pé mo sọ pé mo rí ọmọ wọn pẹ̀lú mọ́pù. Bàbá mi tó máa ń jókòó síta pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ wọn nírọ̀lẹ́, wọn ò jáde mọ́. Yàrá ni wọ́n wà yẹn, wọ́n mọ̀ pé ẹ dé. Ilẹ̀ lọ, ọmọ ò lọ. Èmi ń kọ rìsíìtì fún àwọn tó ń ta páàtì mọ́tò ní Trade Fair, ẹ̀yin ti ríwèé tara yín gbà, ẹ wálé wá dúpẹ́.

Ẹ̀n-ẹ́n, ẹ ti kúnlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀ fún mi. Rárá, ẹ máa wà níbẹ̀, ilẹ̀ ṣáà ni iṣẹ́ yín. Ẹ ní kí n má sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, ẹ ní ó máa pa màmá yín. Irọ́ ò pa wọ́n láti ọdún méjì, òótọ́ ni yóò wá pa wọ́n? Orúkọ mi ni mo fẹ́ gbà, Bọ̀dá Kọ́ládé. Ẹ̀yin ní méjì, èmi kan ṣoṣo ni mo ní, òun náà lẹ sì bà jẹ́.

Ẹ dákẹ́ ná. Ohùn ta nìyẹn lẹ́nu géètì? Màmá yín ni. Wọ́n ń wá yín, aṣọ ìdúpẹ́ yín á ti dé láti ọ̀dọ̀ télọ̀. Ẹ gbọ́ bí Kọ́ládé ṣe dùn lẹ́nu wọn. Ẹ dá wọn lóhùn ná. Kí ló dé, ìpè yìí náà, ẹ tún fẹ́ pa á bíi ti fóònù ọjọ́ yẹn ni? Ẹ má dìde. Mo ní ẹ má dìde, báyìí gan-an ni kí wọ́n bá yín.

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Mà. Géètì ò tì, ẹ máa wọlé bọ̀. Kọ́ládé kẹ̀? Rárá o, Mà, mi ò mọ̀ ọ́n rí láyé mi. Agbálẹ̀ kan tó ń jẹ́ Clement ló kúnlẹ̀ síbí, ẹ wá wò ó.