Ìgò Méjìlá, Kòkòrò Kan

Ẹ̀yin òǹkàwé, ìyàwó mi kò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Àlùfáà tí mo ń jẹ́wọ́ fún ní ṣọ́ọ̀ṣì náà kò mọ̀ ọ́n. Mo ń kọ ọ́ nítorí pé ọkùnrin kan gbé iṣu wá fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, n kò sì lè jẹ ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó bú mi.

Nígbà ìjọba ológun tó kẹ́yìn, èmi ni mò ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ọ̀wọ̀. Àwọn aṣèwádìí kan gbé àyẹ̀wò tuntun wá fún ibà jẹ̀funjẹ̀fun. A ó kán ẹ̀jẹ̀ sórí pépà kan, bí àrùn bá wà, ìlà pupa á yọ. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá pépà náà ń sọ òótọ́ ní gbogbo agbègbè wa. Wọ́n ní kí n gbin kòkòrò àrùn láti inú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn méjìlá sínú àwo, ìlú kan, aláìsàn kan. Wọn yóò fi ìgò kó wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń ka jíìnì kòkòrò, ìyẹn àmì ìdílé tó wà lára rẹ̀, láti mọ irú èyí tí pépà náà lè dá mọ̀.

Mo gbìn wọ́n, wọ́n sì hù. Ọdún Igógo wá dé. Àwa ọmọ Ọ̀wọ̀ mọ bó ṣe máa ń rí: kò sí ìlù, kò sí fìlà lórí ẹnikẹ́ni, agogo nìkan ló ń dún. Mo ní ọjọ́ kan ni mo máa lò nílé. Mo lo mẹ́rin. Kẹrosíìnì tó ń mú firiji tí mo kó wọn sí ṣiṣẹ́ ti tán. Gbogbo àwo ti bu bíi búrẹ́dì àtijọ́, àfi ti aláìsàn Òkèlúsè nìkan.

Ó ku ọjọ́ méjì kí wọ́n wá kó wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rù pé iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ mi ló bà mí. Mo pín kòkòrò Òkèlúsè yẹn sínú ìgò méjìlá, mo sì lẹ orúkọ ìlú mọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: Ẹlẹ́gbẹ́ka, Ìmẹ̀rí, Ọ̀wọ̀ àti àwọn yòókù.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, lẹ́tà dé. Ọ̀gá mi kà á sókè tayọ̀tayọ̀: ọmọ ìyá kan náà ni kòkòrò méjèèjìlá, pépà tó bá mọ ọ̀kan ti mọ gbogbo wọn. "O káre," ló wí fún mi. Láti ọjọ́ náà, a kò gbin ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni mọ́; pépà nìkan la ń lò.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Tèmi kò ju ọdún kan lọ. Ìyá kan wá láti Ìmẹ̀rí, Ìyá Táyọ̀. Ibà rẹ̀ kò lọ. Pépà kò fi ìlà kankan hàn. Ó tún padà wá, kò tún fi hàn.

"Dókítà, ẹ bá mi wò ó dáadáa," ló wí. Dókítà ni wọ́n ń pe gbogbo ẹni tó bá wọ aṣọ funfun.

Mo mọ̀ pé kòkòrò Ìmẹ̀rí kò dé inú ìgò Ìmẹ̀rí rí. Mo lè gbin ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá hù, wọn yóò béèrè ìdí tí pépà kò fi dá a mọ̀, wọn yóò sì tún àwọn ìgò mi yẹ̀ wò. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé kò ní jẹ̀funjẹ̀fun. Wọ́n fún un lóògùn ibà lásán. Ìfun rẹ̀ lu lọ́sẹ̀ náà, ó sì kú.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀, lóṣù tó kọjá, ọkọ rẹ̀ gbé Táyọ̀, ọmọbìnrin wọn, wá. Ibà kan náà ni. Pépà ní kò sí nǹkan kan. Lọ́tẹ̀ yìí, mo gbin ẹ̀jẹ̀ náà. Ó hù. Mo purọ́ fún dókítà ilé ìwòsàn wa pé pépà ọjọ́ yẹn ló bàjẹ́. Wọ́n fún ọmọ náà lóògùn tó yẹ, ara rẹ̀ sì yá.

Ìdí nìyẹn tí Bàbá Táyọ̀ fi gbé iṣu wá. Ó dúpẹ́ títí, ó wá béèrè jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, "Dókítà, irú àyẹ̀wò tí ẹ ṣe fún Táyọ̀ yìí, ṣé kò tíì sí nígbà ìyá rẹ̀ ni?"

Mo ní kò tíì sí.

Páálí pépà àyẹ̀wò kan náà tún dé lánàá. Àwọn ará Ìmẹ̀rí ṣì ń jókòó dè mí lórí bẹ́ǹṣì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ fún ọkùnrin yẹn pé ó ti wà nígbà náà?