Irọ́ ni Mo Fi Padà Sílé Ọlọ́run

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, adájọ́ ti ní kí wọ́n yẹgi fún mi. Wọn kò tíì sọ ọjọ́ tí yóò jẹ́. Nígbàkúùgbà tí wọ́dà bá ti ki kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn, n ó máa rò pé òní ni. N kò ní kí ẹnikẹ́ni káàánú mi. Mo pa bàbá arúgbó kan tí kò ṣe mí ní ibi kankan. Gbogbo ohun tó wá ṣe lọ́dọ̀ mi kò ju pé ó fẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ Ọlọ́run.

Abẹ́òkúta ni wọ́n bí mi sí, inú Ìjọ Àgùdà ni wọ́n sì ti tọ́ mi dàgbà. Nídìí pẹpẹ ibẹ̀ ni fada ti so èmi àti Fẹlísíà pọ̀, a sì bí ọmọbìnrin kan, Bọ́lá. Iṣẹ́ télọ̀ ni mo kọ́. Nígbà tí ogun Làìbéríà parí, ọ̀rẹ́ mi kan tó wà ní Monrovia ránṣẹ́ sí mi pé gbogbo ìlú ló ń wá ẹni tí yóò bá wọn rán aṣọ, pé kí n máa bọ̀. Mo sọ fún Fẹlísíà pé ọdún kan péré ni n ó lò.

Mo gba yàrá kan ní òkè pátápátá ilé alájà mẹ́ta kan ní Gurley Street. Ọta ìbọn ti dá ihò sí ògiri rẹ̀, àwọn olè sì ti yọ gbogbo irin tó yí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè ká. Oníbàárà tí kò bá mọ ibẹ̀, mo máa ń kìlọ̀ fún un pé kó má ṣe sún mọ́ etí rẹ̀.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, n kì í pa Mísà jẹ. Lọ́jọ́ Sátidé kan, obìnrin kan gbé aṣọ ìgbéyàwó wá, ó ní òun fẹ́ ẹ lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Mo sọ lọ́kàn mi pé ọjọ́ Sọ́ńdè kan péré ni, Ọlọ́run yóò gbọ́ ọ yé. Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ, mo ń gbọ́ agogo ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì ń rán aṣọ mi lọ. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kò sí iṣẹ́ kankan lọ́wọ́ mi, síbẹ̀ n kò lọ. Oorun ni mo sùn. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni mo pàdé Màtá. Ọmọ ìlú Làìbéríà ni, ẹja gbígbẹ ló ń tà ní New Kru Town. Ó wá rán aṣọ, ó tún wá, nígbà tó yá kì í ṣe aṣọ ló ń mú un wá mọ́. Lọ́jọ́ kan ó bi mí bóyá mo níyàwó nílé.

Mo ní, "Mo ní in tẹ́lẹ̀. Ó ti kú. Ibi ìkúnlẹ̀ ló kú sí."

Màtá bú sẹ́kún. Ó ń sunkún nítorí Fẹlísíà, ẹni tó wà láàyè, tó ń retí lẹ́tà mi. Mo wò ó bó ṣe ń sunkún, mo sì jẹ́ kó sunkún. Láti ọjọ́ náà ni mo ti jáwọ́ nínú lẹ́tà kíkọ sílé. Mo kó lọ sọ́dọ̀ Màtá, yàrá Gurley Street wá di ibi iṣẹ́ mi nìkan, ọdún márùn-ún sì kọjá tí n kò fi ẹsẹ̀ tẹ ṣọ́ọ̀ṣì.

Ogun ti tú àwọn ọmọ ìjọ ká. Fada àdúgbò wa wá ní kí àwọn tó kù máa lọ láti ilé dé ilé, kí wọ́n wá gbogbo àwọn tó ti kúrò nínú Ìjọ, kí wọ́n sì kí wọn káàbọ̀. Ẹni tó yọ̀ǹda ara rẹ̀ jù lọ ni Bàbá Sílífẹ́sítà, katikísìtì tó ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́, ará Ìjẹ̀bú tó ti ń gbé ní Làìbéríà kí ogun tó dé. Lọ́jọ́ tó gun òkè wá bá mi, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà títí èémí rẹ̀ fi balẹ̀.

"Ọmọ mi, wọ́n ní Àgùdà ni ọ́."

"Tẹ́lẹ̀ ni, Bàbá."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé wọ́n ti wá fi nǹkan nu omi ìrìbọmi náà kúrò lórí ẹ ni?"

"Ó ti pẹ́ jù, Bàbá. Ojú ń tì mí."

"Ojú ti èmi náà rí. Ọdún méjìlá ni mo fi Ìjọ sílẹ̀ tí mo ń mutí kiri. Lọ́jọ́ tí mo padà, mo rò pé wọn ó máa nàka sí mi. Ìyá àgbà kan kàn sún díẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì ni, ó ní kí n jókòó."

Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló máa ń wá. Kì í wàásù. Bí mo bá rán nǹkan tí kò gún, á gbé e lé itan, á máa bá mi tú u, á sì máa bi mí nípa Abẹ́òkúta. Màtá fẹ́ràn rẹ̀ bíi bàbá. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wù mí tọkàntọkàn pé kí n padà.

Mo lọ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi fún Fada. Mo jẹ́wọ́ gbogbo Mísà tí mo pa jẹ. Nígbà tó bi mí nípa obìnrin tí mo ń bá gbé, ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ òótọ́. Mo wí fún un pé ìyàwó mi ti kú, pé mo fẹ́ gbé Màtá níyàwó nínú Ìjọ, pé a ó sì máa sùn lọ́tọ̀ títí di ọjọ́ náà. Fada dárí jì mí, inú rẹ̀ sì dùn. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, wọ́n pe gbogbo àwa tí a padà síwájú, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n kọrin, àwọn ìyá sì ń fọwọ́ gbá wa lẹ́yìn. Bàbá Sílífẹ́sítà ń nu ojú rẹ̀. Mo gba Ara Olúwa, ó gbẹ lẹ́nu mi bí ìwé.

Fada ní kí n kọ̀wé sílé fún ìwé ìrìbọmi mi, àti ìwé tó fi hàn pé ìyàwó mi ti kú, kí ìgbéyàwó tó lè wáyé. Mo ní mo ti kọ ọ́. Oṣù ń gorí oṣù, n kò rí nǹkan mú wá, Màtá sì ti lóyún. Bàbá Sílífẹ́sítà rò pé ìwé mi ló sọnù lọ́nà. Láìsọ fún mi, ó kọ lẹ́tà sí ìjọ wa ní Abẹ́òkúta, ó fi rán àwọn awakọ̀ Nàìjíríà tó máa ń dúró ní Red Light, ibùdókọ̀ ńlá ìlú náà. Ó fẹ́ fi ṣe oore fún mi ni.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kan ó gun òkè wá, kò rẹ́rìn-ín. Ó yọ lẹ́tà kan jáde.

"Fẹlísíà ló fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ọ́," ló wí. "Ó ní ojoojúmọ́ lòun ń gbàdúrà fún ẹ. Bọ́lá ti wọ ilé-ìwé girama."

Mo gbé aṣọ tí mo ń rán sílẹ̀.

"Ọmọ mi, mi ò wá bá ẹ jà. Mi ò tíì sọ fún Fada. Ìwọ fúnra ẹ ni kó o lọ sọ ọ́ kí Sọ́ńdè tó dé. Màá tẹ̀ lé ẹ lọ. Màá jókòó tì ẹ́."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya lẹ́tà yẹn."

"Mi ò lè ya á."

"Kí ni kí n wá sọ fún Màtá?"

"Òótọ́ ni. Òun gan-an ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́."

Ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo sáré tẹ̀ lé e, mo di apá aṣọ rẹ̀ mú, mo ń fa lẹ́tà náà. Ó fi ọwọ́ kan mú ìwé, ó sì fi ìkejì di èmi mú.

"Rọra, ọmọ mi. Ibí yìí ò ní irin."

Mo mọ̀ pé kò ní irin. Ó ń bẹ̀rù pé kí n má baà ṣubú. Mo já lẹ́tà náà gbà, mo sì tì í.

N kò wo ìsàlẹ̀. Mo padà wọlé, mo ju lẹ́tà náà sínú áyọ́ọ̀nù eléèédú mi, mo sì gba àtẹ̀gùn ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀ lọ ra òwú. Nígbà tí mo padà, èrò ti pé lé e lórí, mo sì bá wọn figbe ta. Mo sọ fún ọlọ́pàá pé n kò sí níbi iṣẹ́ nígbà tó wá. Gbogbo ènìyàn gbà pé àgbàlagbà ló ṣèèṣì ṣubú. Èmi ni mo rán aṣọ funfun tí wọ́n fi sin ín. Èmi wà lára àwọn tó gbé pósí rẹ̀. Nígbà tí Fada ń wàásù, ó ní ẹnu iṣẹ́ Olúwa ni Bàbá kú sí, àwọn ènìyàn sì ń wò mí tàánútàánú.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, lẹ́yìn Mísà ọjọ́ Sọ́ńdè, Fada ní kí àwọn àlejò dìde. Obìnrin kan àti ọmọbìnrin kan dìde lẹ́yìn, aṣọ wọn ti pọ́n fún eruku ọ̀nà. Fẹlísíà ni. Ó ti rí mi. Ó rìn wá sí ibi tí mo jókòó, Màtá sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Bàbá Bọ́lá," ló wí, omi ń dà lójú rẹ̀. "Bàbá Sílífẹ́sítà ló kọ̀wé sí mi pé kí n máa bọ̀." Ó fi ìwé náà lé mi lọ́wọ́. Ọjọ́ tó ṣáájú ikú rẹ̀ ló kọ ọ́. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Lọ́la ni mo ń lọ bá a níbi iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ dáadáa ni. Yóò sọ òótọ́."

Fẹlísíà wò yíká. "Bàbá náà dà? Mo fẹ́ kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn."

Mo dá a lóhùn pé mo ti pa á. Kò sí ọlọ́pàá níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bi mí. Ọ̀rọ̀ náà kàn jáde. Màtá dìde, ó sì bọ́ sí ìta. N kò tíì rí i láti ọjọ́ náà.

Fada máa ń wá wò mí níhìn-ín. Mo ti jẹ́wọ́ fún un, lọ́tẹ̀ yìí tán pátápátá. Mo bi í pé ká ní mo ti sọ òótọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, ṣé ì bá ti lé mi.

Ó ní, "O kò ní í lè gba Ara Olúwa fún ìgbà kan. Ìwọ ì bá máa jókòó láàrin wa, àwa ì bá sì jọ máa wá ọ̀nà. Ta ni yóò lé ọ?"

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ gbọ́ mi. Bí ẹ bá ti ṣáko lọ, tí ẹnì kan sì wá kan ilẹ̀kùn yín pé kí ẹ padà, ẹ tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi irọ́ padà bí mo ti ṣe. Ẹ má ṣe bo ẹ̀ṣẹ̀ yín mọ́lẹ̀ kí ẹ lè dára lójú rẹ̀. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀, bó ti wù kó burú tó, lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹni tó wá pè yín ti mọ̀ pé ẹlẹ́ṣẹ̀ ni yín kó tó jáde nílé rẹ̀. Ìdí tó fi wá nìyẹn.