Mo Fi Ẹnu Sin Àbúrò Ọkọ Mi

Zoe, ti ilẹ̀kùn yẹn kí o wá jókòó. Bọ̀dá Gbóyèga, ọkọ mi kékeré, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ohùn mi ò lọ jìnnà mọ́. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí mo ti ń fi oúnjẹ bò mọ́lẹ̀ ní gbogbo Sọ́ńdè tí ẹ fi ń wá jẹun nínú ilé yìí, òní ló máa jáde. Dókítà ti sọ fún wa pé kíndìnrín mi ò ní bá mi dé ọdún tuntun, ẹ mọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé nítorí ikú nìkan ni mo ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀, tàbí pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di ènìyàn rere. Ẹnìkan ń bọ̀ lọ́nà lónìí, òun ló ká mi mọ́. Bí kò bá máa bọ̀, ó ṣeé ṣe kí n gbé e wọnú ilẹ̀ lọ, torí mo mọ ara mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán kí ẹ tó dá mi lóhùn.

Ẹ rántí ìgbà tí èmi àti ẹ̀gbọ́n yín, Ọlátúnbọ̀sún, ọkọ mi tó ti lọ, lọ sí Paris láti fi ṣe àjọ̀dún ìgbéyàwó wa. Bí a ṣe débẹ̀ báyìí ló ní òun fẹ́ yá mọ́tò, pé abúlé kan wà lọ́nà jíjìn tí wọ́n ti ń se ehoro dáadáa. Ọkùnrin tí kì í fẹ́ wakọ̀ kúrò ní Fondren níbí, nínú Houston, dé Galveston létí òkun, tó máa ń sọ pé ọ̀nà freeway ń kọ òun lójú, òun ló fẹ́ wakọ̀ káàkiri ìlú onílùú nítorí ẹran ehoro. Mo wo ojú ẹ̀, kò wo tèmi. Mo ní, "Dádì Zoe, ta ló sọ̀rọ̀ ehoro abúlé fún yín?" Ó ní ẹnìkan níbi iṣẹ́ ni. Ẹnìkan níbi iṣẹ́, kò lórúkọ. Ṣé ẹ rí i, mo ti mọ̀ tipẹ́ pé nígbà tí ẹ̀yin méjèèjì ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, iléeṣẹ́ epo máa ń rán yín lọ ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Faransé, ẹ máa ń pẹ́ níbẹ̀ kí ẹ tó dé. Ọkùnrin tó bá pẹ́ níbì kan, ó ní ohun tó ń jẹ níbẹ̀. Bí mo ṣe ń rò ó nìyẹn títí a fi dé abúlé náà, mi ò tún bi í, mo kàn ń wo màlúù lójú wíńdò.

Ilé oúnjẹ náà kò fẹ̀ ju pálọ̀ yìí lọ. Òkúta ni wọ́n fi kọ́ ọ, òrùlé ẹ̀ rẹlẹ̀, tábìlì ibẹ̀ ò pọ̀, bàbá arúgbó kan sì wà nídìí wáìnì tí kì í kí ẹnikẹ́ni. Kò sí pé ò ń yan oúnjẹ. Ohun tí wọ́n bá sè lọ́jọ́ náà ni wọ́n ń kọ sára pátákó dúdú, òun náà ni gbogbo yín máa jẹ. Wọ́n fi búrẹ́dì lélẹ̀ lórí tábìlì láìsí àwo. Àwọn ará abúlé yíjú wò wá, wọ́n sì padà sídìí ọbẹ̀ wọn. Mo ti fa ike ata gígún mi yọ nínú báàgì, torí mi ò lè jẹ ẹran tí kò lata nítorí ẹnikẹ́ni, ìgbà yẹn ni ọmọbìnrin kan gbé oúnjẹ wa dé. Kò funfun, kò dúdú. Kí ó tó gbé àwo síwájú ọkọ mi, ó kọ́kọ́ tẹ orúnkún, ó kúnlẹ̀ wẹ́rẹ́, ó sì dìde. Ó yí sọ́dọ̀ mi, ó tún kúnlẹ̀. Ìgbà tó wá rí ike tó wà lọ́wọ́ mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ata."

Ara mi bù máṣọ. Láàárín oko àwọn Faransé, ta ló kọ́ ọmọ yìí ní ìkúnlẹ̀? Ta ló kọ́ ọ ní ata? Ẹ mọ iṣẹ́ mi. Àtìgbà tí Zion ọmọ mi ti wà ní ọmọ ọwọ́ ni mo ti ń ṣe daycare, ọmọ tí mo bá wò lẹ́ẹ̀kan, mo lè yọ bàbá ẹ̀ láàárín èrò. Iwájú orí ọmọ yẹn, iwájú orí àwọn Adélékè, ìdílé ọkọ mi, ni. Mo wo ọmọ, mo wo ọkọ mi. Ọkọ mi ń gé ehoro ẹ̀ jẹ́jẹ́, kò gbójú sókè. Mo ní nínú ara mi pé ẹ̀rù ló ń bà á. Kò pẹ́ ló nu ẹnu, ó dìde, ó lọ bá bàbá ìdí wáìnì, ó rọra ń bá a sọ̀rọ̀. Mo rí i tí bàbá náà mi orí. Mo rí i tí ọkọ mi gbé ọwọ́ lé àyà, tó sì mú fóònù, tó jáde síta, tí ojú ẹ̀ ti yí padà pátápátá. Mo ní ọwọ́ ti bà á wàyí.

Ọmọbìnrin náà ló gbé wàràkàṣì dé, èyí tó ń rùn bí ìbọ̀sẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì tó kọ́ nílé ìwé bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní Solène lorúkọ òun. Ó ní, "Mà, orúkọ tí ẹ fi gba àyè sílẹ̀ ni Adélékè. Adélékè ni bàbá mi náà. Ẹnjiníà ni, Houston ló ń gbé, Adé ni màmá mi máa ń pè é. Kò mọ̀ pé màmá mi ti lóyún mi kí ó tó lọ. Màmá mi ló kọ́ mi pé kí n máa kúnlẹ̀ fún àgbà aláwọ̀ dúdú tó bá wá jẹun níbí, pé lọ́jọ́ kan ènìyàn bàbá mi á wá, wọ́n á sì dá mi mọ̀." Ó wo ìta, níbi tí ọkọ mi dúró sí. Ó ní, "Ṣé àwọn ni?"

Mo lè ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo lè ní mi ò mọ̀. Èmi Mojọlá, ẹlẹ́nu burúkú, mi ò sọ ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ohun tí mo rí ni pé ọmọ tí ọkọ mi bí síta ti dé, ó fẹ́ bá Zion àti Zoe pín bàbá. Mo ní, "Rárá o, kì í ṣe ọkọ mi. Àbúrò ọkọ mi lò ń wá. Gbóyèga lorúkọ ẹ̀. Ó ti kú." Bọ̀dá mi, orúkọ yín ló yá mi lẹ́nu, torí ẹ̀yin lẹ ò bímọ, Fúnmi ìyàwó yín sì ti kó lọ nítorí ẹ̀, mo rò pé kò sẹ́ni tí irọ́ náà máa dùn. Ọmọ náà di tábìlì mú. Ó ní, "Màmá mi náà ti kú. Mo ti pẹ́ jù." Ó tọrọ nọ́ńbà mi, kí òun lè máa gbúròó àwọn ènìyàn òun. Mo fún un, kí ó má baà lọ gba ti ọkọ mi. Bí ọkọ mi ṣe wọlé, mo ní inú ń run mí, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Mo rò pé mo gbọ́n. Ọgbọ́n àgbọ́njù ló ń pa òdù ọ̀yà.

Sọ́ńdè tí a dé, ẹ wá jẹun. Mo wà nídìí dòdò, ẹ̀yin àti ẹ̀gbọ́n yín wà nídìí tábìlì, ẹ rò pé mi ò gbọ́. Ẹ ní, "Bọ̀dá mi, ṣé ẹ rí Odile?" Ó ní, "Pẹ̀lẹ́, Gbóyèga. Bàbá kan níbẹ̀ ló sọ fún mi pé ó ti kú, kò sì fẹ́ sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo pè ọ́ láti ibẹ̀, fóònù ò wọlé." Ẹ wá ní, "Mo ṣẹ obìnrin yẹn. Mo ní mò ń padà bọ̀, mi ò padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí Ìyàwó wa gbọ́, wọ́n á fi mí ṣẹ̀sín." Dòdò jóná mọ́ mi lọ́wọ́. Ọkọ mi ò ṣe nǹkan kan, iṣẹ́ yín ló ń jẹ́ tí mo fi ń wò ó bí olè. Ẹ̀yin gan-an lẹ bí ọmọ náà, ẹ ò sì mọ̀.

Ó yẹ kí n gbé dòdò kalẹ̀ kí n sì sọ ọ́. Mi ò sọ. Mo kọ́kọ́ bẹ̀rù pé ẹ̀gbọ́n yín á mọ irú obìnrin tí òun fẹ́. Ìgbà tó yá, ó ju ìyẹn lọ. Ẹ̀yin lẹ máa ń gbé Zion lọ síbi bọ́ọ̀lù. Ìgbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún Zoe, ẹ̀yin lẹ sùn sórí àga nílé ìwòsàn. Mo ní bí ọmọ yín bá dé, àwọn ọmọ mi á di ọmọ ẹ̀gbọ́n lásán. Mò ń jowú ọmọ tí kò mọ bí bàbá ṣe rí. Ẹ máa ń sọ ọ́ lórí tábìlì yẹn pé, "Ìyàwó wa, bí mo bá kú, ta ni yóò sunkún pé bàbá òun kú?" Màá ní Zoe ńkọ́, màá sì fi ẹran kún tiyín. Solène máa ń pè mí nígbà Kérésì, á ní kí n sọ̀rọ̀ bàbá òun fún òun. Mo sọ fún un pé ẹ fẹ́ràn ọ̀fadà, pé ẹ máa ń kọrin ìsìn sókè nínú mọ́tò, pé ẹ kì í lè wo fíìmù parí láìsùn. Òtítọ́ ni mo fi ń bọ́ irọ́ mi.

Zoe, dẹ̀yìn lẹ́yìn fóònù yẹn, gbọ́ ibi tó burú jù. Ọdún tí a sin Dádì yín, Solène wá sí Houston. Ó ní òun fẹ́ rí sàréè bàbá òun. Mo lọ gbé e ní òtẹ́ẹ̀lì, a gba freeway, mo rí ibi tí wọ́n ti ń yà sí League City, sí ilé tiyín, Bọ̀dá mi, mo wakọ̀ kọjá. Mo mú un wọ itẹ́ òkú kan. Sàréè kan wà níbẹ̀ tí wọn ò tíì gbé òkúta sí, títí dòní mi ò mọ ẹni tó wà nínú ẹ̀. Mo ní, "Bàbá ẹ nìyí." Ó ní, "Aunty, apá ibo ni orí wọn wà?" Mo nawọ́ sí i. Ó gbé òdòdó síbẹ̀, ó kúnlẹ̀ lórí koríko, ó ń fi Faransé sọ̀rọ̀, ó ń sunkún, ó ń sọ̀rọ̀. Ó wá ní kí n fi èdè bàbá òun gbàdúrà. Mo sì gbà á. Mo la ẹnu yìí, mo ní, "Gbóyèga ọmọ Adélékè, sùn un re o." Ibẹ̀ ni mo wà tí fóònù mi fi ń gbọ̀n. Ẹ̀yin ni. Àwòrán yín kún ojú fóònù, ẹ ń rẹ́rìn-ín. Mo dojú ẹ̀ dé mọ́ itan. Solène ní, "Ta nìyẹn?" Mo ní ẹnìkan ní ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ìgbà tí mo délé tí mo gbọ́ ohùn tí ẹ fi sílẹ̀, ẹ ń bi mí bóyá kí ẹ ra ẹja bọ̀. Kò pẹ́ sígbà yẹn ni rọpárọsẹ̀ kọlù yín. Gbogbo ènìyàn ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Èmi mọ ohun tí mo fi ẹnu mi sọ sórí ilẹ̀ yẹn. Ẹ ní kí n máa fi yín sínú àdúrà, mo dáhùn pé àmín, mo sì gbé ẹ̀kọ wá fún yín.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Solène pè mí. Ó ti bímọ, obìnrin ni. Ó ní òun ń gbé ọmọ náà bọ̀ wá han bàbá àgbà ẹ̀, òun sì ti yan ohun tí wọ́n máa kọ sára òkúta sàréè. Mo ní kó má wàhálà, kò gbà. Ọkọ̀ òfuurufú wọn á balẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ yìí. Ó rò pé èmi àti Zoe la máa wá pàdé òun, ká jọ gba ibi sàréè lọ. Mi ò tíì sọ fún un. Mo gbìyànjú, ẹnu tó pa irọ́ náà ò lè tú u.

Zoe, ìwọ náà á lọ́kọ. Bí o bá fura sí i, bi í léèrè. Bí ìdáhùn ẹ̀ ò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, tún un bi. Ká ní mo bi Dádì ẹ tán nínú mọ́tò yẹn ni, ẹlòmíì ì bá má sanwó ìfura mi. Bọ̀dá mi, mo ti jẹ yín ní ọmọ, mo jẹ yín ní ọdún tí ẹ ì bá fi mọ̀ ọ́n. Mi ò lè kúnlẹ̀ mọ́, ẹsẹ̀ mi ti wú, ẹ bá mi kà á sí pé mo ti kúnlẹ̀. Bí ẹ bá lè dárí jì mí kí n tó lọ, màá dúpẹ́. Bí ẹ ò bá lè ṣe é, mi ò ní wí nǹkan kan. Zoe á gbé yín lọ sí airport. Ẹ ò ní wá a tì, ẹ máa rí iwájú orí yín lórí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó máa bẹ̀rù nígbà tó bá rí yín, torí òkú ló mọ̀ yín sí. Ẹ má bínú tó bá sá sẹ́yìn. Ẹ na ọwọ́ yín sí i, kí ẹ sì dúró jẹ́ẹ́ títí á fi fọwọ́ kàn yín.